Framework wo ni kí ikọ̀ yín mú? Ẹ ro ti ọdún kẹta

Ẹ bi mí pé framework wo, ìyẹn àkójọ kóòdù tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tí a fi ń kọ́ ètò orí wẹ́ẹ̀bù lé, ni kí ẹ mú. Ẹ ní ikọ̀ yín jẹ́ ènìyàn mẹ́fà: àwọn mẹ́ta mọ èdè kóòdù Python bí ẹní mowó, PHP, èdè kóòdù mìíràn, ni àwọn méjì fi ń jẹun, ẹnì kan tó kù sì ń pariwo Next.js, framework èdè JavaScript, sí yín létí lójoojúmọ́. Ètò ìforúkọsílẹ̀ àti ìsanwó lẹ fẹ́ kọ, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni yóò sì máa lò ó jù. Django, framework Python, ni mo ní kí ẹ mú. Ká ní PHP ni ẹni mẹ́ta yín mọ̀ ni, Laravel, framework PHP, ni ǹ bá sọ, kò sì ní gbà mí lásìkò.

Oṣù àkọ́kọ́ máa ń dùn nínú framework yòówù. Ìyọnu ń dé tó bá di ọdún kẹta, nígbà tí ẹni tó yàn án ti gba iṣẹ́ lọ síbòmíràn, tí ẹni tó kù wá ń tún kóòdù tí kò bá wọn kọ ṣe. Mo bá a pàdé ní ilé iṣẹ́ kan tó pè mí pé kí n wá ràn wọ́n lọ́wọ́. AngularJS, framework JavaScript, ni wọ́n fi kọ gbogbo ohun tí oníbàárà ń rí, ta ni yóò sì dá wọn lẹ́bi? Google ló ṣe é, òun ló sì lòde nígbà yẹn. Àfi bí Angular 2, tó rọ́pò rẹ̀, ṣe jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, tó jẹ́ pé wọ́n tún un kọ láti ìpìlẹ̀ ni. Lóòótọ́, wọ́n ṣe irinṣẹ́ tó ń jẹ́ kí ti àtijọ́ àti tuntun jọ ṣiṣẹ́ nínú ètò kan náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà la fi ń tún ojú ìwé kọ̀ọ̀kan kọ. Ilé iṣẹ́ yìí ń sún un síwájú títí Google fi dáwọ́ ìtọ́jú AngularJS dúró ní ìparí ọdún 2021. Ìgbà tí a wá ń kó wọn kúrò níbẹ̀, ohun tuntun tí oníbàárà ń bèèrè kò ṣeé fi kún un, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ sì ń bá iṣẹ́ tí ojú ẹnikẹ́ni kò rí lọ.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé bí a ṣe ń bọ́ láti ẹ̀yà kan sí èkejì ni mo kọ́kọ́ máa ń kà. Django ní àwọn ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní LTS, tí wọ́n máa ń tún ààbò wọn ṣe fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Ẹ̀yà 5.2, ọ̀kan lára wọn, jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n sì ní àwọn yóò tọ́jú rẹ̀ di oṣù kẹrin ọdún 2028. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ yọ kúrò, ìkìlọ̀ rẹ̀ á ti máa jáde tipẹ́ kí wọ́n tó yọ ọ́. Laravel ní tiẹ̀ ń gbé ẹ̀yà ńlá jáde lọ́dọọdún, ó sì ń tún ààbò ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe fún ọdún méjì. Kò burú, bí ẹ kò bá ti jẹ́ kí ó ga jọ.

Ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ní Lawrence, ní ìpínlẹ̀ Kansas, ni Django ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e síta lọ́dún 2005. Ẹ ó rí i nínú admin rẹ̀, ìyẹn ojú ìwé ìṣàkóso tó ń bá a wá: àwọn tí kò mọ kóòdù ni wọ́n ṣe é fún, kí wọ́n lè tẹ nǹkan sínú database, ibi tí ètò ń kó dátà sí, fúnra wọn. Irú àwọn òṣìṣẹ́ tiyín gan-an nìyẹn. Flask (ti Python) àti Express (ti JavaScript), tí wọ́n jẹ́ framework kéékèèké, fúyẹ́, mo sì fẹ́ràn wọn fún iṣẹ́ kékeré, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ó wá ohun tí ẹ ó fi ṣe login, àṣẹ ta ló lè rí kí ni, àti àyípadà inú database. Bó bá pẹ́, framework tiyín lẹ ti kọ yẹn, láìsí ìwé ìtọ́ni.

Ẹni tó fẹ́ Next.js kò sọ ọ̀rọ̀ àgọ̀. Bí ojú ìwé kan bá nílò kí nǹkan máa yí padà bí ènìyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ẹ fi React, irinṣẹ́ JavaScript tí Next.js dúró lé lórí, síbẹ̀ nìkan. Pé kí ẹni mẹ́fà máa tọ́jú ètò méjì, ní èdè kóòdù méjì, lórí sáfà (kọ̀ǹpútà tí ètò ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀) méjì, fún fọ́ọ̀mù àti rìsíìtì, ìyẹn ni mi ò fara mọ́.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ ta ló yára jù sílẹ̀. Nínú irú ètò yìí, bí ẹ ṣe ń bèèrè nǹkan lọ́wọ́ database ló sábà máa ń fà á sẹ́yìn.

Kí ẹ tó pinnu, ẹ gbé Django fún àwọn méjì tó mọ PHP, ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má ní kí wọ́n kọ àkọsílẹ̀ ohun tí a fẹ́ ṣe lónìí, gbogbo framework ló mọ ìyẹn ṣe. Ibi tó le jù ni kí wọ́n kọ: ìsanwó kan tí ìròyìn rẹ̀ dé lẹ́ẹ̀mejì láti ọ̀dọ̀ ilé ìsanwó, tí a kò sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n pín ọ̀wọ́ orúkọ kan sí méjì nínú tébùlù database tí dátà ti kún inú rẹ̀. Ẹ kọ ibi tí wọ́n há sí sílẹ̀. Tó bá jẹ́ Python fúnra rẹ̀ ló ń dá wọn dúró, ìyẹn á lọ. Tó bá jẹ́ pé ibi tí Django fi nǹkan sí ni wọn kò rí lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ gbé iṣẹ́ yìí kan náà fún àwọn mẹ́ta tó mọ Python pẹ̀lú Laravel, kí ẹ wá fi méjèèjì wéra.