Ìwé kún inú kọ́bọ́ọ̀dù, àmọ́ àwọn ọmọ kò kà á: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Tíṣà kíláàsì kẹta ni mí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn. Ọmọ méjìlélógójì ló wà lọ́dọ̀ mi. Àwọn kan tó ti jáde nílé-ìwé wa fi ìwé ìtàn bí ọgọ́ta ta wá lọ́rẹ lọ́dún tó kọjá, Yorùbá díẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ní ọ́fíìsì ọ̀gá wa ni wọ́n wà títí di báyìí, àgádágodo sì wà lẹ́nu rẹ̀, torí ẹ̀rù ń ba ọ̀gá pé àwọn ọmọ á fà wọ́n ya. Àwọn ọmọ náà, tí wọ́n bá ti rí ìwé, ìdánwò ló máa ń wá sí wọn lọ́kàn. Ó ju ìdajì wọn lọ tí kò tíì lè kàwé já gaara. A ò ní yàrá tí a lè pè ní ilé ìkàwé, a ò sì ní owó. Kí ni mo lè ṣe?

Ìdáhùn

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, Tíṣà. Inú mi dùn dọ́ba bí mo ṣe ka lẹ́tà yín, torí pé ohun tó ṣòro jù láti rí ti wà nílẹ̀: ìwé wà, ọmọ wà, tíṣà tó fẹ́ kí wọ́n pàdé sì wà. Àìsí yàrá kò lè dí yín lọ́wọ́. Nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ, èyí ni kí ẹ fi sọ́kàn jù: ìwé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dùn létí ọmọ, kó tó di ohun tí a ní kó fi ojú ara rẹ̀ kà. Ọmọ tí kò tíì gbọ́ ìtàn aládùn látinú ìwé rí kò lè mọ ìdí tó fi yẹ kó máa bá lẹ́tà jìjàkadì.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá yín ni kí a kọ́kọ́ yanjú. Ẹ má bá wọn jiyàn o. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ìwé tí ogójì ọmọ ń gbé lọ gbé bọ̀ á ya. Ṣùgbọ́n ìwé inú kọ́bọ́ọ̀dù náà ń bàjẹ́: ikán ń wá a kiri, ọ̀rinrin ń wọ̀ ọ́ lásìkò òjò, ewé rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ra. Ní 1931, S. R. Ranganathan, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tó jẹ́ alábòójútó ilé ìkàwé Yunifásítì Madras, tẹ òfin márùn-ún jáde fún àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ ilé ìkàwé. Èyí àkọ́kọ́ nínú wọn kò gùn rárá: ìwé wà fún lílò. Ẹ bẹ ọ̀gá yín kí wọ́n yọ̀ǹda ogún ìwé péré fún yín fún sáà kan, kí ẹ sì fi dá wọn lójú pé ẹ ó máa kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá mú ìwé. Nígbà tí sáà bá parí, ẹ kó ogún náà lọ bá wọn kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Ọ̀gá tó bá ń gbọ́ tí ọmọ kékeré ń kàwé sókè lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ kì í pẹ́ mú kọ́kọ́rọ́ jáde.

Tí kọ́bọ́ọ̀dù bá ti ṣí, ẹ kó gbogbo ìwé sílẹ̀, kí ẹ jókòó tì wọ́n. Ìwé tí èèyàn fi tọrẹ máa ń rí oríṣiríṣi: ẹ lè bá ìwé ẹ̀kọ́ àtijọ́ níbẹ̀, ẹ lè bá ìwé àwọn àgbà, ẹ sì lè bá ìwé tó ń sọ̀rọ̀ yìnyín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ yọ gbogbo èyí tí ọmọ ọdún mẹ́jọ kò lè lò kúrò, kódà kó ku ọgbọ̀n. Ọgbọ̀n ìwé tó dùn sàn ju ọgọ́ta tí ìdajì rẹ̀ ń lé ọmọ sá lọ.

Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú lórí àwọn nọ́ńbà tí ẹ máa ń rí lẹ́yìn ìwé ní àwọn ilé ìkàwé ńlá. Melvil Dewey, ará Amẹ́ríkà, ló gbé ètò yẹn jáde ní 1876, ó sì wúlò gan-an níbi tí ìwé bá ti pọ̀. (Nínú ètò yẹn, abẹ́ 398.2 ni àlọ́ àti ìtàn àtẹnudẹ́nu máa ń wà. Kò sí ilé ìkàwé tí mo wọ̀ tí n kì í kọ́kọ́ lọ síbẹ̀.) Ní tiyín, àwọ̀ mẹ́ta ti tó: ẹ lẹ téèpù pupa mọ́ ẹ̀yìn ìwé tí àwòrán rẹ̀ pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ, téèpù aláwọ̀ ewé mọ́ èyí tó ní gbólóhùn díẹ̀ lójú ewé kọ̀ọ̀kan, búlúù mọ́ èyí tó gùn. Ẹ na okùn sára ògiri kíláàsì, kí ẹ fi pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń há aṣọ há àwọn ìwé náà sórí rẹ̀, níbi tí ọwọ́ ọmọ tó kéré jù yóò tó, kí iwájú ìwé sì kọjú sí wọn. Ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà kò lè mọ ohun tí a kọ sẹ́yìn ìwé. Àwòrán iwájú rẹ̀ ló ń pè é.

Ó wá kan iṣẹ́ gan-an. Lójoojúmọ́, ní àkókò kan náà, ẹ máa kàwé sókè fún wọn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kété tí wọ́n bá ti ibi eré ọ̀sán wọlé ni èmi fẹ́ràn jù, nígbà tí òógùn ṣì wà lára wọn, torí ó máa ń mú ara wọn wálẹ̀. Kí ẹ ti ka ìwé náà nílé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ mọ ibi tí ohùn yín yóò ti lọ sílẹ̀ àti ibi tí ẹ ó ti dánu dúró. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi bẹ́ǹṣì sílẹ̀ kí wọ́n sún mọ́ yín, lórí ẹní bí ó bá wà. Ẹ fi iwájú ìwé hàn wọ́n, kí ẹ bi wọ́n pé, "Kí lẹ rí? Kí lẹ rò pé ó fẹ́ ṣẹlẹ̀?" Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́, àní kí wọ́n bá ara wọn jiyàn lé e lórí. Lẹ́yìn náà, ẹ máa kà á díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fi ìka tọ ìlà, kí ẹ máa yí àwòrán sọ́tùn-ún sósì kí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá lè rí i. Tí ìtàn bá dé ibi tó ti gbóná, ẹ dákẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó ṣí ewé tó kàn. Ẹ wo ojú wọn nígbà yẹn! Kò sí ohun tó dùn mọ́ mi nínú iṣẹ́ yìí tó o.

Tí ẹ bá parí, ẹ pa ìwé dé. Ẹ má bèèrè pé ẹ̀kọ́ wo ni wọ́n rí kọ́. Ẹ má ní kí wọ́n ṣa ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tó le jáde. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ìdánwò ni ìwé jẹ́ lójú wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yìí la máa fi yọ ọ́ lọ́kàn wọn, bí ẹ bá sì fi ìbéèrè kan ṣoṣo tó ní máàkì kún un, a ti padà síbi tí a ti ń bọ̀ nìyẹn. Bákan náà, ẹ má fi ìwé kíkà jẹ ọmọ níyà láé. Ọ̀pọ̀ tíṣà ló máa ń sọ fún ọmọ aláriwo pé kó lọ jókòó sí kọ̀rọ̀ kó máa kàwé. Kò dáa.

Èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ kà? Ti Yorùbá ni. Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan á sọ pé Gẹ̀ẹ́sì làwọn rán ọmọ wá kọ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ Modákẹ́kẹ́ dá wọn lóhùn. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé St. Stephen's níbẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo iṣẹ́ yòókù fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti kíláàsì kẹrin, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ló ṣe dáadáa jù, àti nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Kò sì yẹ kó yà wá lẹ́nu. Tó bá ti yé ọmọ lẹ́ẹ̀kan pé àmì orí ìwé dúró fún ìró ẹnu, ó lè gbé òye yẹn lọ sí èdè mìíràn. Lẹ́tà 25 ni álífábẹ́ẹ̀tì wa ní, bí a sì ti kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ náà la ṣe ń pè é, kì í tan ọmọ jẹ bí ti Gẹ̀ẹ́sì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn ọmọ yìí ti mọ Ìjàpá kí wọ́n tó bá a pàdé nínú ìwé.

Ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ mi, kíláàsì kẹrin ló wà, kò lè ka gbólóhùn kan já. Mo ka ìtàn Ìjàpá tó jẹ àsèjẹ tí babaláwo sè fún Yánníbo fún wọn. Ta ni kò mọ ègbè "Alugbinrin" inú rẹ̀? Bí mo ṣe dá orin, gbogbo kíláàsì ló gbè é. Nígbà tó yá, mo rí ọmọ yìí ní kọ̀rọ̀ kan, ìwé náà wà lórí itan rẹ̀, àwọn ọmọ mẹ́ta tó kéré sí i yí i ká. Ó ń "ka" ìtàn náà fún wọn látorí wá, ó ń ṣí ewé níbi tó yẹ gẹ́lẹ́, ó sì ń yí ohùn padà bó bá kan babaláwo. Mi ò dá a dúró. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó gbé ìwé náà wá bá mi, ó fi ìka lé ọ̀rọ̀ kan. "Mà, Alugbinrin nìyí, àbí? Ó tún wà níbí. Ó tún wà níbí." Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀. Ó ka ìwé yẹn títí ewé rẹ̀ fi rọ̀ bí aṣọ tó ti gbó, òun sì ni ìwé tó kọ́kọ́ kà parí fúnra rẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá rí ọmọ tó ń tún ìwé kan ṣoṣo kà ṣáá, ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pé kó mú òmíràn. Iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe.

Kí ọmọ fúnra rẹ̀ máa yan ìwé tó bá wù ú. Tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó le jù fún un, ẹ kọ́ ọ ní ìka márùn-ún: kó ṣí ojú ewé kan láàárín ìwé, kó máa kà á, kó máa ká ìka kan kò fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí kò mọ̀. Bí ìka márààrún bá ti ká kí ojú ewé náà tó tán, kí ẹlòmíràn bá a kà á ná. Bí kò bá ká ìkankan, kó máa kà á lọ, ìwé tó rọrùn kì í ṣe ọmọ ní jàǹbá.

Ẹ sì jẹ́ kí ìwé máa lọ sílé. Ẹ fi rúlà pín ojú ewé nóòtù kan sí ọ̀nà márùn-ún: ọjọ́ tí wọ́n mú un, orúkọ ọmọ, nọ́ńbà ìwé, ọjọ́ tó dá a padà, àti bí ìwé ṣe rí nígbà tó dé. Ọjọ́ Ẹtì ni kí wọ́n mú un lọ, kí wọ́n dá a padà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, inú ọ̀rá ni kó sì máa wà lọ́nà nítorí òjò. Ẹ yan ọmọ méjì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí yóò máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí ọmọ tí kò mọ̀wé dáadáa náà sì máa jẹ oyè yẹn. Ẹ má gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ tí kò sówó nílé wọn kò ní yá ìwé mọ́, òun gan-an la sì ń wá.

Tí ewé bá ya, ẹ má fi sẹlotéèpù lẹ̀ ẹ́, á pọ́n, á gbẹ, á sì ba bébà jẹ́. Ẹ gé bébà funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibi tó ya, kí ẹ gbé nǹkan wúwo lé e di ọjọ́ kejì. Ìwé pẹlẹbẹ tí irin inú rẹ̀ ti dípẹtà, ẹ yọ irin náà, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an láàárín. Ẹ pe àwọn ọmọ sí i. Ọmọ tó bá ti bá yín rán ìwé rí kì í fẹ́ fà á ya.

Ní ti òbí tí kò kàwé, ẹ má jẹ́ kí ojú tì wọ́n. Ẹ sọ fún wọn nípàdé òbí pé etí wọn nìkan la nílò: kí ọmọ kàwé fún wọn bí wọ́n bá ń ṣa ẹ̀fọ́ tàbí tí wọ́n ń pàtẹ ọjà. Màmá àgbà tó bá gbọ́ ìtàn Ìjàpá á fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pa á fún òun. Ohun tí a ń fẹ́ gan-an nìyẹn! Kí ọmọ mú ìtàn ti màmá àgbà wá sí kíláàsì. Ẹ pa bébà mẹ́rin pọ̀, kí ẹ ká a sí méjì, kí ẹ rán an láàárín, ojú ewé mẹ́rìndínlógún ti délẹ̀. Kí ọmọ kọ ọ́, kó yàwòrán sí i, kí ẹ fún un ní nọ́ńbà, kí ẹ sì fi há orí okùn pẹ̀lú àwọn yòókù. Ìyá wa Mabel Segun, tó dá ẹgbẹ́ lítíréṣọ̀ ọmọdé sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1978, tó sì dá ibùdó ìwádìí ìwé ọmọdé sílẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1990, ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí àwọn ọmọ wa lè máa rí ara wọn nínú ìwé. Bí ìwé Yorùbá yín bá sì tètè tán, African Storybook, tó fìdí kalẹ̀ sí Gúúsù Áfíríkà, ní ìtàn alàwòrán lédè wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lè gbà á sórí fóònù tàbí kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà láìsan kọ́bọ̀ fún wọn.

Tí ẹ bá ti ṣa àwọn ìwé náà tán, ẹ fi àkọlé àwọn ti Yorùbá ránṣẹ́ sí mi. Màá sọ èyí tí ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé fún yín, àti ibi tó yẹ kí ẹ ti dánu dúró nínú rẹ̀.