Háàdì wo ni kí n rà sí sáfà kékeré ilé mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ìkéré-Èkìtì ni mo wà, fọ́tò àti fídíò ìgbéyàwó ni mò ń yà. Mo ra sáfà kékeré (kọ̀ǹpútà tí a ń kó fáìlì pamọ́ sí) tó ń gba háàdì méjì, kí iṣẹ́ àwọn oníbàárà mi má baà máa sọnù. Ẹnì kan ní Adó fẹ́ ta tòkúnbọ̀ 8TB méjì fún mi lówó pọ́ọ́kú. Ẹlòmíràn ní kí n tú háàdì alágbèéká, kí n yọ tinú rẹ̀. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà. Ẹ má tú háàdì alágbèéká kankan. Òmíràn wà nínú wọn tó jẹ́ ojú USB nìkan ló wà lára pátákó rẹ̀, kò ní ojú SATA (ojú tí sáfà fi ń so mọ́ háàdì), sáfà yín ò lè lò ó. Èyí tó bá sì ní in, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ SMR.

CMR àti SMR ni ọ̀nà méjì tí háàdì ń gbà kọ nǹkan, SMR yìí ló sì yẹ kí ẹ sá fún. Lára háàdì CMR, ìlà tí wọ́n ń kọ nǹkan sí dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ti SMR, ìlà gorí ìlà bíi páànù òrùlé: ẹ ò lè pààrọ̀ ti ìsàlẹ̀ láì kọ́kọ́ ṣí àwọn tó gùn ún kúrò. Bí ẹ bá kàn ń da fọ́tò sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ lè má fura. Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú méjèèjì bá kú, tí sáfà fẹ́ da ẹrù ìkejì sórí tuntun, ọjọ́ náà lojú á là. Iṣẹ́ wákàtí lè di ti ọjọ́ mélòó kan. Nígbà mìíràn sáfà á rò pé háàdì tuntun ti bàjẹ́, á sì jù ú nù.

Ẹ má sì wo orúkọ nìkan. Ní 2020, Western Digital (WD), ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe háàdì, jẹ́wọ́ pé àwọn WD Red kan, láti 2TB dé 6TB, SMR ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ sáfà ni wọ́n ń tà á fún! Lẹ́yìn ariwo yẹn ni WD Red Plus jáde, CMR sì ni. Seagate IronWolf náà CMR ni. Barracuda ti Seagate kan náà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ SMR. Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì, ẹ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí owó tó kúrò lápò.

Ti tòkúnbọ̀, mi ò ní kí ẹ má rà á. Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù lọ, ẹ so ó mọ́ ọn lójú ẹni tó ń tà á, ẹ ṣí CrystalDiskInfo, ètò tó ń yẹ ìlera háàdì wò. Bí Power On Hours bá kọ 43,800, ọdún márùn-ún gbáko ló ti fi ń yí láìsinmi. Reallocated Sectors (ibi tó ti bàjẹ́ tí háàdì ti fi òmíràn rọ́pò) àti Current Pending Sector (ibi tó ń fura sí), òdo ni kí méjèèjì jẹ́. Bí ò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ máa lọ sílé. Bí wákàtí rẹ̀ bá kéré lákéréjù, tí ara rẹ̀ sì ti gbó, ẹ fura: àwọn kan mọ bí wọ́n ṣe ń pa á rẹ́.

Tèmi, CMR tuntun 4TB méjì sàn fún yín ju tòkúnbọ̀ 8TB lọ. (Kọ̀ǹpútà á pè é ní bíi 3.6, wọn ò rẹ́ yín jẹ.) Ẹ má so sáfà mọ́ iná ọba tààrà, UPS tàbí ínfátà ni kí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, torí iná tó bá lọ lójijì nígbà tí háàdì ń kọ nǹkan lè ba fáìlì jẹ́.

Méjèèjì á máa gbé ohun kan náà, ṣùgbọ́n fáìlì tí ẹ bá ṣèèṣì pa rẹ́ níbí, ó ti pa rẹ́ lọ́hùn-ún náà. Olè ò sì ní gbé ọ̀kan kó fi ìkejì sílẹ̀. Háàdì alágbèéká tí ẹ fẹ́ tú yẹn, ẹ da iṣẹ́ tó parí sí i lóṣooṣù, ẹ fi pamọ́ sọ́dọ̀ ará ilé yín kan ní Adó.