Ṣé mo lè fi RAM (ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) kún kọ̀ǹpútà orí tábìlì mi tó ti pẹ́, láìná owó gọbọi, ní Ilé-Ifẹ̀?

Ó ṣeé ṣe dáadáa. Àlòkù ni kí ẹ rà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó wà nínú ẹ̀rọ yín. Irú RAM mẹ́ta ni DDR2, DDR3 àti DDR4, wọn kì í gba ipò ara wọn. Ojú ibi tí wọ́n ti gé ẹnu wọn yàtọ̀, ẹ má fipá tì í. Ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ yọ RAM tó wà nínú ẹ̀rọ jáde, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀: PC3 ni DDR3, PC4 ni DDR4. Ti láptọ́ọ̀pù kúrú, kò lè wọ tiyín.

Tó bá jẹ́ Windows 32-bit lẹ ń lò, kò ní lo RAM tó ju 4 GB lọ, torí náà ẹ má tíì ra 8 GB.

Ẹ gbé ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Lagere, kí wọ́n tàn án lójú yín kí ẹ tó sanwó. Èyí ṣe pàtàkì gan-an.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa fi sí i, ẹ yọ wáyà iná, ẹ fọwọ́ kan irin àpótí rẹ̀, kí ẹ tẹ RAM náà títí ìkọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á fi dún. Tí ẹ̀rọ náà bá ń han gooro tí kò gbé àwòrán wá, ẹ yọ wáyà iná, ẹ fi írésà nu ẹnu RAM náà tó dà bíi wúrà, kí ẹ tún un tì.