Ṣé dandan ni kí n gbọ́ èdè Gíríìkì kí n tó kọ́ nípa eré wọn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ó wù mí láti kọ́ nípa iṣẹ́ ọnà, lítíréṣọ̀ àti eré orí ìtàgé àwọn ará Gíríìsì àti Róòmù àtijọ́, bóyá kí n tilẹ̀ fi gba oyè kejì lọ́jọ́ iwájú, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ èdè Gíríìkì, n kò sì gbọ́ Látìn. Ṣé èdè ni kí n kọ́kọ́ kọ́? Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Kò di dandan kí ẹ gbọ́ èdè náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ràn tí mo máa ń fún àwọn tó bá wá bá mi lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé kí wọ́n mú ìtàn kan ṣoṣo, kí wọ́n tẹ̀lé e láti ọwọ́ ayàwòrán dé ọwọ́ òǹkọ̀wé eré, láti Gíríìsì dé Róòmù, kí wọ́n tó yà sí ibòmíràn. Ẹni tó bá fi ìwé ìtàn gbogbogbòò bẹ̀rẹ̀ yóò mọ orúkọ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò ní mọ eré kan ní àmọ̀dájú.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ ní Nàìjíríà, ìtàn Oedipus, ọba tó pa bàbá rẹ̀ tó sì fẹ́ ìyá rẹ̀ láìmọ̀, ni màá yàn, nítorí ó ṣeé ṣe kí ẹ ti mọ The Gods Are Not to Blame, eré tí Ola Rotimi fi ìtàn náà kọ tó sì gbé sórí ìtàgé ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1968. Àǹfààní ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra kí ẹ má baà rò pé ẹ ti ka Sophocles, ará Gíríìsì tó kọ eré Oedipus àtijọ́, nítorí pé ẹ ti ka Rotimi. Nínú eré Rotimi, a ti gbọ́ nípa ìbí ọmọ náà àti ohun tí Ifá sọ nípa rẹ̀ kí eré tó wọra. Sophocles kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn ló fi bẹ̀rẹ̀, àwọn ará ìlú kúnlẹ̀ síwájú ọba pẹ̀lú ẹ̀ka igi lọ́wọ́, gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn sì ń jáde díẹ̀díẹ̀ láti inú ìbéèrè tí ọba fúnra rẹ̀ ń bi ẹlẹ́rìí kan tẹ̀lé èkejì, títí ó fi kan darandaran arúgbó tó mọ òkodoro ọ̀rọ̀. Àwọn òǹwòran Áténì mọ ìtàn náà tẹ́lẹ̀. Bí ọba yóò ṣe fi ẹnu ara rẹ̀ tú àṣírí ara rẹ̀ ni wọ́n jókòó wò. Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n orí Gíríìkì, yin eré yìí gidigidi nítorí pé ìgbà tí ọba mọ ẹni tó jẹ́ gan-an ni ayé rẹ̀ dojú dé.

Ẹ tún wo ìjà tó pa bàbá. Ti Sophocles wáyé ní oríta mẹ́ta, níbi tí wọ́n ti fẹ́ ti Oedipus kúrò lójú ọ̀nà tí bàbá arúgbó inú kẹ̀kẹ́ ẹṣin sì lù ú lórí. Ti Rotimi wáyé nínú oko iṣu, èébú tí wọ́n bú ẹ̀yà Odewale, ọba inú eré rẹ̀, ló sì mú inú rẹ̀ ru. Kí ló dé tí Rotimi fi yí i padà bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè yìí nìkan tó iṣẹ́ ìwádìí fún oyè kejì.

Nígbà tí ẹ bá ń ka Sophocles, ẹ kà á sókè, kí ẹ sì máa rántí ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ìsàlẹ̀ òkè Acropolis ní Áténì ni ìtàgé náà wà, níbi tí wọ́n ti máa ń ṣọdún Dionysus, òrìṣà ọtí wáìnì, nígbà ìrúwé, tí òǹkọ̀wé eré ìbànújẹ́ mẹ́ta sì máa ń figa gbága. Ọkùnrin nìkan ló ń ṣeré, wọ́n ń lo ìbòjú, òṣèré mẹ́ta péré ló sì ń pín gbogbo ipa tó ní ọ̀rọ̀ sísọ láàárín ara wọn, yàtọ̀ sí àwọn elégbè tí ń kọrin tí wọ́n sì ń jó. Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ àwọn tó wà lórí ìtàgé ní ìran kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ óò rí i pé Jocasta, ìyá Oedipus tó tún di ìyàwó rẹ̀, ti wọlé lọ kí darandaran náà tó yọjú, àti pé orin àwọn elégbè ló wà láàárín méjèèjì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òṣèré kan náà ló pààrọ̀ ìbòjú. Ẹ̀kọ́ bí èyí ni kì í jẹ́ kí eré àtijọ́ di ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán.

Iṣẹ́ ọnà náà kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Ife amọ̀ kan wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Vatican, tí wọ́n kùn ní nǹkan bí 470 ṣáájú ìbí Kristi, níbi tí Oedipus ti jókòó pẹ̀lú fìlà arìnrìn-àjò lórí, tó ń wo Sphinx, ẹ̀dá abàmì tó ń pa àlọ́, lórí òpó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pè é ní àwòrán eré Sophocles, bẹ́ẹ̀ ìtàgé kò tíì rí eré náà nígbà yẹn, àlọ́ Sphinx sì ti parí kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Orísun kan náà ni ayàwòrán àti òǹkọ̀wé ti bu omi mu. Bí ẹ bá fẹ́ rí àwọn òṣèré gan-an, ẹ wá àwòrán ìkòkò Pronomos tó wà ní Naples. Àwọn elégbè tó wà lára rẹ̀ mú ìbòjú wọn lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọjá sí Róòmù, kí ẹ ka Oedipus tí Seneca, olùkọ́ Nero tó jẹ ọba Róòmù, kọ ní Látìn. Nínú ti Sophocles, ìránṣẹ́ ló wá ròyìn fún wa pé Jocasta pokùnso. Nínú ti Seneca, idà ló fi pa ara rẹ̀ níṣojú wa. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá wọ́n ṣe eré Seneca lórí ìtàgé tàbí wọ́n kàn ń kà á sókè fún àwùjọ, ẹ̀yin náà lè gbé èrò tiyín kalẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti kà á.

Ní ti èdè, ẹ yan ọ̀kan nígbà tí ìtàn yìí bá ti yé yín dáadáa. Bó bá jẹ́ eré ló jẹ yín lógún jù, Gíríìkì ni kí ẹ mú. Lẹ́tà rẹ̀ kò ju 24 lọ. Títí dìgbà náà, ẹ lo ìtumọ̀ tó ní nọ́ńbà ìlà, kí ẹ sì máa fi ti ògbufọ̀ méjì wéra níbi orin àwọn elégbè, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń yàtọ̀ síra jù. Ọ̀fẹ́ ni Perseus, àkójọ ìwé Yunifásítì Tufts lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ìwé Loeb náà dára, nítorí èdè àtijọ́ àti ìtumọ̀ rẹ̀ dojú kọra nínú wọn: aláwọ̀ ewé ni ti Gíríìkì, aláwọ̀ pupa ni ti Látìn. Kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù oyè kejì, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka Classics ní Yunifásítì Ìbàdàn, kí ẹ béèrè iye èdè tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ ẹni tó ti ẹ̀ka lítíréṣọ̀ wá.