Ẹ̀jẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò rí ló ń pa ẹni tí itan rẹ̀ kán

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní akọni ìtàn yín ṣubú lórí ọ̀kadà lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, itan rẹ̀ kán, awọ ò bẹ́, ẹ̀jẹ̀ ò jáde. Ó dákú lójú ẹsẹ̀, ó sì lajú ní ilé ìwòsàn pẹ̀lú báńdéèjì lórí. Ẹ wá ń bèèrè bóyá ó lè fi ọ̀pá rìn lọ síbi ìgbéyàwó rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Màá dáhùn, àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa wákàtí tó wà láàárín ìṣubú àti bẹ́ẹ̀dì, torí ẹ ti fò ó, ibẹ̀ sì ni ìtàn yín wà. Mo ti jókòó ti ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí rí, ara mi kì í gbà á tí wọ́n bá kọ ọ́ bí ohun kékeré.

Ẹ yọ báńdéèjì yẹn kúrò. Itan ló kán, orí kọ́. Ẹ má sì jẹ́ kó dákú. Ẹni tí eegun itan rẹ̀ kán sábà máa ń mọ ibi tó wà, á máa bèèrè fóònù rẹ̀, á máa bèèrè ẹni tó gbé lẹ́yìn. Tó bá dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, á sọ̀rọ̀ bí ẹni tí nǹkan ò ṣe. Ẹ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà, tàbí kí mọ́tò wọ kòtò, igbe rẹ̀ á dé òdìkejì títì. Ìdí ni pé ẹran itan lágbára púpọ̀. Tí eegun tó ń tì í nà bá ti kán, ẹran á máa fà, á wọ́ ẹnu eegun méjèèjì gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ náà fi máa ń kúrú ju ìkejì lọ, tí ìka ẹsẹ̀ á sì kọjú síta. Ẹ kọ ẹsẹ̀ yẹn kí òǹkàwé rí i, kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ó kán.

Ní ti ẹ̀jẹ̀: àgbàlagbà ní nǹkan bíi lítà márùn-ún lára. Eegun itan kan tó kán lè da lítà kan sí lítà kan ààbọ̀ sínú itan náà, kí ẹ̀kán kan má kan ilẹ̀. Ohun tí wọ́n máa rí ni pé itan wú, ṣòkòtò sì fún un pinpin. Àwọn tó yí i ká á máa dúpẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ò jáde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa dúpẹ́, kí ara ẹni tó ń kàwé sì máa bù máṣọ.

Báyìí ló ṣe máa ń lọ. Òùngbẹ ló kọ́kọ́ máa ń dé, lẹ́yìn náà òtútù, òógùn tútù níwájú orí. Ọkàn rẹ̀ á máa lù ju ọgọ́rùn-ún lọ ní ìṣẹ́jú kan, á sì kọjá 120. Èémí á yá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ pé ojú rẹ̀ funfun. Akọni yín dúdú. Ètè ni kí ẹ wò, àtẹ́lẹwọ́, àti inú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀. Ẹ tẹ èékánná rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀: àwọ̀ yẹ kó padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì. Tí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ ò dé òpin ara mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ara ò ní lélẹ̀ fún un. Á fẹ́ dìde, á fa dírípù yọ, á bú ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, á ní ooru ń mú òun. Ibí yìí ni àwọn tó yẹ kó mọ̀ ti máa ń ṣìṣe jù. Wọ́n á ní alágídí ni, wọ́n á ní ọtí ló mu, wọ́n á ní kí mọ̀lẹ́bí bá a wí. Ọpọlọ tí ẹ̀jẹ̀ ò tó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀! Wọ́n á wọn ìfúnpá, wọ́n á ní kò burú. Ara ọ̀dọ́ máa ń gbé ìfúnpá dúró títí ẹ̀jẹ̀ tó lọ yóò fi sún mọ́ ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, kó tó já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ló máa dákẹ́. Nọ́ọ̀sì tó ń kọjá á ní, "Ó ti sùn, ẹ jẹ́ kó sinmi." Tí ẹ bá fẹ́ kí ìtàn yín dun ènìyàn, ẹ fi gbólóhùn yẹn sí i.

Bí wọ́n ṣe máa gbé e: ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọkùnrin méjì á gbé e ní abíyá àti ní orúnkún, wọ́n á ká a sẹ́yìn mọ́tò. Eegun tó mú ṣáṣá á máa gún ẹran àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Ohun tó tọ́ ni kí ẹnì kan di ọrùn ẹsẹ̀ mú, kó fà á gbọọrọ bí ẹsẹ̀ ṣe gùn, kó má sì dẹwọ́, kí ẹlòmíì fi pákó tó gùn láti abíyá dé ọrùn ẹsẹ̀ tì í, kí wọ́n fi aṣọ sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, kí wọ́n dì wọ́n pọ̀ lókè àti nísàlẹ̀ ibi tó kán. Wọn ò gbọ́dọ̀ di orí ibi tó kán gan-an. Bí wọ́n ṣe ń fà á ni ìrora á máa rọlẹ̀, ẹ lè lo ìyẹn. Pure water tí gbogbo ènìyàn á fẹ́ fún un kò dáa, torí ó lè bì í sínú ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n bá kùn ún lóorun fún iṣẹ́ abẹ. Nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122. Ti Èkó ni 767 tàbí 112.

Nísinsìnyí, ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Káàdì, owó àsansílẹ̀, "Ẹ lọ mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá." Abala 20 nínú òfin ìlera orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014 sọ ọ́ gbangba pé wọn ò gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni nítorí ohunkóhun. Ẹni tó bá kọ̀ lè san ₦100,000, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Ti ẹni tí wọ́n yìnbọn lù tún ní òfin tirẹ̀ láti 2017: wọn ò gbọ́dọ̀ dúró de ìwé ọlọ́pàá tàbí owó. Síbẹ̀ ẹni tó jókòó sídìí kántà á wo òkè, á wo ilẹ̀, á ní ọ̀gá òun ni kí ẹ lọ bá. Ẹ má kọ ọ́ bí ẹni burúkú. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni tó ń jẹ gúgúrú, tí kò yára.

Wọ́n á wá rán mọ̀lẹ́bí lọ ra ìbọ̀wọ́, dírípù, abẹ́rẹ́ pentazocine fún ìrora. Ẹ wo abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń so dírípù. Ẹni tó ń sọ ẹ̀jẹ̀ nù nílò èyí tó tóbi, aláwọ̀ ọsàn tàbí eléérú, méjì, apá kan sí ọ̀kan. Tí nọ́ọ̀sì yín bá so aláwọ̀ búlúù kan ṣoṣo, omi á máa kán tó-tó-tó nígbà tí ènìyàn ń lọ, òǹkàwé tó mọ̀ á sì mí kanlẹ̀. Kí wọ́n tó fún un ní ẹ̀jẹ̀, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bá tirẹ̀ mu, ìyẹn sì gbà tó wákàtí kan. Mọ̀lẹ́bí á tún fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ dípò èyí tí wọ́n gbà.

Tí ẹ bá fẹ́ kí nǹkan burú lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti simi, ọ̀rá inú mùdùnmúdùn eegun wà níbẹ̀. Ó lè wọ ẹ̀jẹ̀, kó dé ẹ̀dọ̀fóró àti ọpọlọ láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Ẹni tó ń ṣeré lánàá á bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò ní já mọ́ra, àmì pupa tín-ín-tín-ín á yọ sí àyà àti abíyá.

Ẹ tún ṣọ́ra tí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun. Àwọn tó mọṣẹ́ wà. Àmọ́ ọparun tí wọ́n bá dì fún un jù ló ń sọ ẹsẹ̀ di gígé. Àmì rẹ̀ ni ìrora tó ju ti ìṣubú lọ, tó tún ń le sí i tí wọ́n bá fa ìka ẹsẹ̀ sókè. Lẹ́yìn náà ìka á kú tipiri. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, ẹran ti ń kú nìyẹn.

Tí ẹ bá sì ń rò ó pé kí ẹ fi ìbọn rọ́pò ìṣubú náà, ìbọn ní èjìká tí gbogbo akọni máa ń gbà tí wọ́n á tún máa bá ìjà lọ, ẹ má tẹ̀ lé e. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá àti iṣan tó ń darí apá ló gba ibẹ̀ kọjá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ bèèrè wá. Tí wọ́n bá fi irin sínú eegun náà, bẹ́ẹ̀ ni, ó lè fi ọ̀pá abẹ́ abíyá méjì rìn díẹ̀ kó sì jókòó. Irú irin kan wà tí wọ́n ń pè ní SIGN, tí wọ́n ṣe fún ilé ìwòsàn tí kò ní ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán nígbà iṣẹ́ abẹ. Tí kò bá sówó irin, wọ́n á gún irin gba egungun ojúgun rẹ̀ kọjá, wọ́n á so òkúta ìwọ̀n mọ́ ọn, á sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá, ìgbéyàwó ló máa wá bá a ní wọ́ọ̀dù. Eegun náà á tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kó tó so pọ̀. Itan á tín ju ìkejì lọ, orúnkún ò ní fẹ́ ká. Ó lè wọ agbádá, ó lè jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó, àmọ́ ìdọ̀bálẹ̀ níwájú àwọn òbí ìyàwó ò ní ṣeé ṣe. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló máa dọ̀bálẹ̀ fún un, òun á sì na ẹsẹ̀ yẹn síwájú lórí àga.