Èsì: Àyẹ̀wò oyún tó mú lára bàbá àgbà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní bàbá yín ẹni ọdún 78 n'Íléṣà ń tọ ẹ̀jẹ̀, àyẹ̀wò oyún sì mú lára rẹ̀. Kì í ṣe àsàsí o. Họ́mọ̀nù tí àyẹ̀wò náà ń wá, hCG, ibi ọmọ ló sábà ń ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ kan máa ń ṣe é, ọmú ọkùnrin á sì wú nígbà mìíràn. Kò wọ́pọ̀ rárá. Jẹjẹrẹ kóró ẹpọ̀n náà ń ṣe é, kí wọ́n yẹ ibẹ̀ wò. Ẹ̀jẹ̀ inú ìtọ̀ yẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àgbo sílẹ̀. Ẹ gbé bàbá lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild n'Íléṣà tàbí OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì n'Ífẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú àpò ìtọ̀, kí wọ́n sì gé díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò.