Lẹ́yìn tí bíṣọ́ọ̀bù bá ti lọ

Àbúrò mi ní Ìyàrá, òkun o. Mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní ọmọ 11 ni bíṣọ́ọ̀bù gbọ́wọ́ lé lórí ní ìjọ yín láti fi ìdí ìgbàgbọ́ wọn múlẹ̀, pé kí oṣù méjì tó pé, mẹ́ta péré ló kù tó ń wá sí ẹ̀kọ́ Bíbélì, o sì fẹ́ mọ ìwé tí wàá máa fi kọ́ wọn kí ìgbàgbọ́ wọn má bàa kú sọ́nà. Màá dé orí ìwé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti jó mi lọ́wọ́ rí, jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ojú àpá hàn ọ́.

Ọmọ 16 ni àwa kó síwájú bíṣọ́ọ̀bù lọ́dún tiwa. Àkọ́bí mi ọkùnrin wà nínú wọn, ọmọ ọdún 14. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe ní Kàbbà. Èmi ni mo rán aṣọ funfun tí àwọn ọmọbìnrin wọ̀, èmi náà ni mò ń ran kátíkíìsì, olùkọ́ ìjọ wa, lọ́wọ́ ní kíláàsì ọjọ́ Sátidé. Wọ́n mọ Òfin Mẹ́wàá lórí, wọ́n mọ Ìgbàgbọ́ Àwọn Àpọ́sítélì, wọ́n mọ Àdúrà Olúwa. Bí o bá bi wọ́n pé kí ni orúkọ rẹ, ta ló fún ọ ní orúkọ yìí, wọ́n á dáhùn bí odídẹrẹ́. Inú wa dùn.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí bíṣọ́ọ̀bù dé, ọmọ mi nawọ́ ní kíláàsì. Bàbá tó bí ọkọ mi, ìjòyè ní Bùnú, ti kú lọ́dún tó ṣáájú, kò sì ṣèrìbọmi títí ó fi lọ. Aṣọ ìpò ni wọ́n fi sin ín, aṣọ pupa tí wọn kì í fi sin gbogbo èèyàn. Bí ọmọ yìí bá lọ lo họlidé lọ́dọ̀ wọn, ẹ̀gbẹ́ bàbá náà ló máa ń sùn. Ó dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé inú iná ni bàbá àgbà mi wà?"

Kátíkíìsì ní, "Ẹni tí kò bá ṣèrìbọmi, ìwọ náà mọ ibi tó wà. Jókòó."

Kò jókòó. Ó ní, "Aṣọ tí bíṣọ́ọ̀bù máa ń wọ̀ náà kúkú pupa."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kátíkíìsì gbá a létí, ó ní ẹ̀mí bàbá àgbà rẹ̀ ló ń bá a jà, kó jáde kó lọ kúnlẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò.

Èmi ńkọ́? Mo wà níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ mi, mò ń kan bọ́tìnì mọ́ aṣọ ọmọ ẹlòmíì. Mi ò sọ nǹkan kan. Láti ojú fèrèsé ni mo ti ń wò ó níbi tó kúnlẹ̀ sí, tó ń fi ìka kọ nǹkan sórí iyẹ̀pẹ̀, tó tún ń pa á rẹ́. Mo rò ó pé bí mo bá lanu, wọ́n á ní mò ń gbè sẹ́yìn abọ̀rìṣà. Nígbà tá a délé, ohun tí mo sọ fún un ni pé kó má dójú tì mí níwájú ìjọ mọ́. Ó ní, "Ẹ má bínú, Mọ́mì." Fún ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, kò tún bi mí ní ìbéèrè kan nípa Ọlọ́run. Mo kọ́kọ́ pe ìyẹn ní ọmọ tó ti gbọ́n.

Bíṣọ́ọ̀bù dé. Ìgbìmọ̀ ìjọ ti ra màlúù, wọ́n ti gba kánópì, wọ́n ti yan ańkárá fún tọkùnrin tobìnrin. Mo bèèrè owó Bíbélì fún àwọn ọmọ 16 wọ̀nyí, wọ́n ní kò sí i nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Màlúù wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ọmọ mi kúnlẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù gbé ọwọ́ lé e lórí, ó gbàdúrà tí wọ́n máa ń gbà, pé kí Olúwa dáàbò bo ọmọ yìí, kó sì máa pọ̀ sí i nínú Ẹ̀mí Mímọ́ lójoojúmọ́ títí yóò fi dé ìjọba ọ̀run. Lójoojúmọ́ o. Mo gbọ́ ọ, mo ṣe Àmín, mo sì sáré lọ wo ìrẹsì lórí iná.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Kí la ò ṣe tán? Mo da omi sí i lára lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo gba fóònù rẹ̀. Mo fẹjọ́ rẹ̀ sun àlùfáà, àlùfáà ní òun á gbàdúrà, oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbé àlùfáà náà lọ síjọ mìíràn. Àwọn yòókù náà ń yọ́ lọ níkọ̀ọ̀kan. Ni ìgbìmọ̀ bá ránṣẹ́ pe ọ̀gbẹ́ni kan tí wọ́n ní ó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́. Ó gbé pírójẹ́kítọ̀ wá. Iná lọ, àwa la ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Ó fi àwòrán àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tó ń gbọ́wọ́ sókè hàn wá, ó ní orin ni kò dùn tó, kí a ra kíbọ́ọ̀dù. Kò bi ọmọ kan léèrè ọ̀rọ̀. A ra kíbọ́ọ̀dù. Àwọn tó kù ń jó, àwọn tó lọ kò tiẹ̀ gbọ́ pé a ra nǹkan kan.

Nígbà tí ọmọ mi jáde sẹ́kọ́ńdìrì, ó bá àwọn tó ń wa ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì láti Ọ̀bàjánà lọ, ó di ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ilé wa kò jìnnà sí ọ̀nà Lọ́kọ́ja. Bí ọkọ̀ ńlá bá fọn fèrè lóru, màá jí, màá jókòó, màá máa tẹ́tí bóyá ó máa dúró. Kò ní dúró. Màá tún tanná, màá gbé aṣọ oníbàárà, màá máa rán an títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọkọ mi á ní kí n wá sùn. Oorun wo?

(Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ ọ́: ẹ má kó ọ̀dọ́ lọ sí àpéjọ kankan tí ẹ óò ti máa bọ̀ lálẹ́. Gbogbo wa mọ ohun tí àwọn ọ̀nà wa dà. Bí ìpàdé bá pẹ́, inú ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ lọ ni kí wọ́n sùn mọ́jú, olóyè ìjọ tó bá fẹ́ bínú kó bínú.)

Lọ́jọ́ kan ọkọ̀ wọn bàjẹ́, ó wálé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ. Bàbá àlùfáà kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé kásọ́ọ̀kì tó ya lápá wá. Ó wo ọmọ náà, ó ní, "Ṣé ìwọ ni wọ́n ní kó kúnlẹ̀ lábẹ́ máńgòrò?" Ojú tì mí. Gbogbo ìlú ti mọ̀. Ọmọ ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà." Bàbá ní, "Kí lo tiẹ̀ bèèrè?"

Ó sọ ọ́. Bàbá dákẹ́ títí mo fi rò pé kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mi ò mọ̀." Bẹ́ẹ̀ ló wí. Ẹni tó ti wà lórí pẹpẹ kí n tó lọ́kọ ní òun ò mọ̀. Ó ní nígbà tí ọ̀rọ̀ Sódómù, ìlú tí Ọlọ́run fẹ́ pa run, dé, ìbéèrè ni Ábúráhámù náà bi Ọlọ́run, pé ṣé Onídàájọ́ gbogbo ayé kò ní ṣe èyí tó tọ́ ni. Pé ibẹ̀ ni òun náà dúró sí. Ó wá fa àpótí, ó jókòó. "Sọ bàbá àgbà rẹ fún mi."

Ọmọ mi sọ̀rọ̀ títí èédú fi kú nínú áyọ́ọ̀nù. Ó sọ bí bàbá náà ṣe máa ń ya iṣu sọ́tọ̀ fún àlejò tí kò tíì dé. Ó sọ bó ṣe máa ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún wá sálúbàtà nínú òkùnkùn. Ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín. Bàbá àlùfáà ò wàásù rárá. Nígbà tó ń lọ, ó ní, "Ìbéèrè mìíràn tó bá wà, mo máa ń wà nílé ní Ọjọ́bọ̀." Ọmọ lọ ní Ọjọ́bọ̀. Kásọ́ọ̀kì, mi ò gba kọ́bọ̀.

Nítorí náà, kí o tó wá ìwé, wá èèyàn. Àwọn ọmọ mẹ́jọ tó lọ yẹn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àgbàlagbà kan tí kì í ṣe òbí rẹ̀, tí kì í yára bínú, tó lè sọ pé mi ò mọ̀. Kì í ṣe àṣà tuntun. Ìwé àdúrà ìjọ wa àtijọ́ ní kí ẹni tí wọ́n ń gbọ́wọ́ lé ní ẹlẹ́rìí kan nínú àwọn tó ń dúró fún ọmọ nígbà ìrìbọmi. Lọ́dọ̀ wa, àwọn ẹlẹ́rìí náà jẹ màlúù, wọ́n lọ. Má yan olóyè ìjọ nítorí oyè. Ẹni tí ọmọ fúnra rẹ̀ bá dárúkọ ni kó o lọ bẹ̀, ì báà jẹ́ ìyá tó ń ta ìrú.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé ọmọdé tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ ti ya aláìgbàgbọ́, ka Lúùkù orí kejì fún un. Ọmọ ọdún 12 ni Jésù nígbà tí wọ́n wá a tì, ọjọ́ kẹta ni àwọn òbí rẹ̀ tó rí i, àárín àwọn olùkọ́ ló wà, ó ń gbọ́, ó sì ń bi wọ́n léèrè. Kò sẹ́ni tó ní kó lọ kúnlẹ̀ níta. Tímótì ńkọ́, tí ìyá rẹ̀ àti ìyá àgbà rẹ̀ jẹ́ onígbàgbọ́, tí Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ gbọ́wọ́ lé? Pọ́ọ̀lù ṣì tún kọ̀wé sí i pé kó máa rú ẹ̀bùn náà sókè. Bí ọwọ́ àpọ́sítélì kò bá tó láìfín iná, ọwọ́ tiwa ńkọ́?

Àwọn ará ìjọ ECWA lápá Yàgbà kò ní bíṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n wọ́n ní Boys' Brigade, ẹgbẹ́ àwọn ọmọkùnrin nínú ìjọ, ọmọ á wọ yúnífọ́ọ̀mù, á ní ẹni tó ń pe orúkọ rẹ̀. Àwa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìpàdé ọ̀sẹ̀, ìwé orúkọ, kí ẹ máa pe ẹni tí kò wá, kí ẹ fi orúkọ ẹni tó ń lọ iléèwé gíga ránṣẹ́ sí ìjọ tó wà níbẹ̀, ìwọ náà mọ ìwọ̀nyẹn. Wọ́ọ̀sápù ni kó o ṣọ́. Nínú gúrúùpù tiwa, ẹnì kan wọlé, ó ní wòlíì lòun, ọmọbìnrin kan fi ₦7,000 owó ìdánwò ránṣẹ́ sí i. Àlùfáà tó dé lẹ́yìn ní ọ̀rọ̀ fóònù kò kan òun.

Ẹn-ẹ́n, ìwé tí o bèèrè. Máàkù. Orí 16 ni, orí kan lọ́sẹ̀ kan, oṣù mẹ́rin. Lẹ́yìn rẹ̀, Jákọ́bù, orí márùn-ún. Jẹ́ kí wọ́n kà á ní èdè tó bá yé wọn. Àwọn mìíràn nínú wọn kò lè ka àmì orí Yorùbá dáadáa, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kàwé, má bá wọn jà lórí ìyẹn. Fi agolo mílìkì òfìfo kan sórí tábìlì. Kí wọ́n máa kọ ìbéèrè sínú ìwé pélébé, láìkọ orúkọ, kí wọ́n sọ ọ́ sínú rẹ̀. Èyí tó o bá mọ̀, dáhùn. Èyí tí o kò mọ̀, sọ pé o kò mọ̀, kó o lọ bèèrè, kó o sì padà wá sọ. Padà wá sọ o, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń kú.

Mi ò ní purọ́ fún ọ pé ọmọ mi ti di kátíkíìsì. Ìlọrin ló wà báyìí, ó ń kàwé. Kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ṣùgbọ́n ó máa ń pè mí lálẹ́ pé, "Mọ́mì, kí ló dé tí Jésù fi gégùn-ún fún igi ọ̀pọ̀tọ́ tí kì í ṣe àkókò èso rẹ̀?" Máàkù orí 11 nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wá ìdáhùn, èyí tí mo rí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Tí o bá wá sí Kàbbà, bi mí, màá júwe ṣọ́ọ̀bù fún ọ. Agolo tiwa ṣì wà lórí tábìlì ìránṣọ mi, ìwé inú rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún. Jókòó kó o kà wọ́n. Mi ò lè yá ọ ní agolo náà, má bínú. Ẹni tó yá a kẹ́yìn, ọdún kan àbọ̀ ló fi wà lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí mo máa lọ gbà á, iyọ̀ ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀.